Ọ̀rọ̀ Kékeré Tí Fìrdáúsì Kọ̀

"Ẹ má tì mí o! Ẹ jẹ́ kí n rí ọwọ́ mi kì bọ inú páálí náà!"

Fìrdáúsì ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, tó ń fi ìgúnpá la ọ̀nà láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ìjíròrò ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Onitsha. Páálí bisikíìtì kan wà lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Okwudili, olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń mì í jìgìjìgì. Ìwé pélébé mẹ́wàá ló wà nínú páálí náà, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ló sì wà lára ìwé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fà yọ ni yóò lọ wádìí: kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, ibo ló ti ṣẹ̀ wá, ọ̀nà wo ló gbà dé ẹnu wa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, yóò dúró níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́, yóò sì fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ẹni kan ṣoṣo tó bá ta yọ ni yóò ṣojú ilé ẹ̀kọ́ wọn níbi ìdíje gbogbo ìpínlẹ̀ ní Awka.

Ẹni kan ṣoṣo. Lójú Fìrdáúsì, a ti mọ ẹni náà tipẹ́. Ìdíje yìí kàn jẹ́ ọ̀nà láti fi tó àwọn tó kù létí ni.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Bí ebi bá ń pa ọmọ mìíràn, á ní ebi ń pa òun. Bí ebi bá ń pa Fìrdáúsì, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tí yóò fi sọ ọ́ á gùn débi pé oúnjẹ á ti tutù kó tó parí rẹ̀. Ìwé atúmọ̀ èdè kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù ìkọ́lé. Ó ní àpò ìwé, àmọ́ abíyá ló máa ń gbé ìwé náà sí, pàápàá bí èrò bá pọ̀ lójú ọ̀nà. Ìyá rẹ̀, Rùkáyátù, tó ń ránṣọ lẹ́bàá Iweka Road, a sì máa sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé, "Ẹ má dá a lóhùn, òyìnbó ló ń gùn ún."

Ó ki ọwọ́ bọ páálí, ó rú u, ó fa ìwé kan yọ. Ó tú u. Ó yí i padà, bóyá èyí tó kù wà lẹ́yìn. Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn.

"Kí lo fà? Kà á sókè!"

"'Lot,'" ni Fìrdáúsì wí, bí ẹni tó tu eṣinṣin jáde lẹ́nu.

Yàrá náà bú sẹ́rìn-ín. "Chai! Lẹ́tà mẹ́ta péré!" ni ọmọbìnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn. "Fìrdáúsì, èyí ò lè tó ọ jẹ láàárọ̀ nìkan!"

Ẹ̀rín náà kò tí ì rọlẹ̀ nígbà tí ó kan Muadh. Agboolé kan náà ni òun àti Fìrdáúsì ń gbé. Ìyá rẹ̀ ló ń se oúnjẹ tà fún àwọn awakọ̀ ní Upper Iweka. Muadh gbọ́ Igbo bí ẹni pé inú odò Ọya ni wọ́n ti bí i, kò sì sí ẹni tó lè bá a na ọjà. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kó dìde sọ Gẹ̀ẹ́sì níwájú ènìyàn, òógùn ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Nítorí àtiwo àrùn yìí gan-an ló ṣe wọ ẹgbẹ́ náà.

"Mag… mag-na…" Ó ń ka ìwé ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń gun àkàbà lókùnkùn. "'Magnanimity.'"

Ọkàn Fìrdáúsì fò sókè. Lẹ́tà mọ́kànlá! Ọ̀rọ̀ tó dùn ún pè lẹ́nu, tó ń dún bí ìlẹ̀kùn báńkì! Ta ló gbé irú rẹ̀ fún Muadh?

"Ẹ lọ rò ó wò mọ́jú," ni Ọ̀gbẹ́ni Okwudili wí. "Lọ́la ni n óò kọ orúkọ yín sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yín."

Lọ́la. Ìyẹn ni pé wọn kò tí ì kọ nǹkan kan sílẹ̀ lónìí, ènìyàn ṣì lè pààrọ̀ ọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe ń rìn lọ sílé, tí àwọn ọlọ́kadà ń fọn fèrè lé wọn kúrò lójú ọ̀nà, Fìrdáúsì súnmọ́ Muadh, ó sì mí kanlẹ̀.

"Muadh, àánú rẹ ń ṣe mí o."

"Kí ló dé? Kí ni mo ṣe?"

"Ṣé o ò gbọ́ ohun tí ọ̀gá sọ fún àwa àgbà ẹgbẹ́ ní kọ̀rọ̀ ni? Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá dàrú mọ́ lẹ́nu lọ́jọ́ náà, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ pátápátá."

Ọ̀gbẹ́ni Okwudili kò sọ nǹkan kan ní kọ̀rọ̀ kankan. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ lè sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ tóbi jù ú lọ.

Muadh dúró gbọin. "Wallahi?"

"Ṣé o ti gbọ́ irọ́ lẹ́nu mi rí ni?"

Muadh rò ó dáadáa, ó sì mi orí pé rárá. Òótọ́ ni: kò tí ì gbọ́ ọ rí.

"Gba tèmi," ni Fìrdáúsì wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bíi ti nọ́ọ̀sì. "Ọ̀rọ̀ kékeré ni, kò lè fọ́ ọ lẹ́yín. Èmi á bá ọ ru ti ńlá náà."

"Fìrdáúsì! Nwanne m, ọmọ ìyá mi! Ọlọ́run á san án fún ọ." Ọwọ́ méjèèjì ni Muadh fi gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́.

Nǹkan kan gún Fìrdáúsì láyà fẹ́ẹ́, bíi pín-ìn-nì tí aránṣọ gbàgbé sínú aṣọ tuntun. Ó gbọn ara nù, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Kò lè pa ayọ̀ náà mọ́ra dé ilé. Ó yà sí ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀. "Ìyá mi, ẹ bá mi yọ̀! Mo fi ọ̀rọ̀ kékeré kan gba ọ̀rọ̀ ńlá!"

Rùkáyátù kò gbé ojú kúrò lára ẹ̀rọ. "Ta ló gba kékeré náà?"

"Muadh ni. Òun náà fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ."

Fìrdáúsì rò pé iṣẹ́ ló ti rẹ ìyá òun. Kí ló kan adìẹ níbẹ̀?

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Ìléyá dé. Ìdílé méje ní agboolé náà ló da owó jọ ra màlúù kan, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ṣe yọ̀ọ̀da. Nígbà tí wọ́n dúńbú rẹ̀ tán, Bàbá Junaid, àgbà agboolé, jókòó ti tapólì kan, ó gé ẹran, ó sì kó o sí òkìtì méje. Nígbà náà ni wọ́n pe Fìrdáúsì. Láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, òun ló máa ń gbé garawa káàkiri kí ìdílé kọ̀ọ̀kan lè ju ohun kan tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ wọn sínú rẹ̀.

Ó ń gbé garawa lọ́wọ́ kan, ìwé tó ń há sórí wà ní ọwọ́ kejì. Ìyá rẹ̀ ju téèpù ìwọnṣọ síbẹ̀. Ìyá Muadh ju ìgbakọ. Bàbá Junaid ṣí fìlà jù síbẹ̀, awakọ̀ tó ń gbé yàrá iwájú ju kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, onídìrí ju kóòmù. Àwọn méjì tó kù ju tẹ̀súbáà àti sálúbàtà ẹsẹ̀ kan.

"'Magnus'… 'animus'…" ni Fìrdáúsì ń kùn ní Látìnì, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́.

"Ọmọ yìí, ṣé ẹran lo fẹ́ fi òògùn sí ni?" ni awakọ̀ bi í, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín.

Fìrdáúsì di ojú Súlìyát, ọmọ ọdún mẹ́rin kan ní agboolé náà, pẹ̀lú gèlè. Súlìyát ki ọwọ́ bọ garawa, ó fa ohun kan jáde, wọ́n sì mú un dé ibi òkìtì àkọ́kọ́ kó gbé e lé e. Ariwo ta!

"Ìgbakọ ti bọ́ sórí ẹ̀dọ̀! Ìyá Muadh, ó bù fún yín!"

"Kọ́kọ́rọ́ wà lórí ẹsẹ̀ màlúù! Awakọ̀, ẹ rí táyà tuntun!"

"Súlìyát, ọmọ dáadáa, rántí èmi tí mo ra bisikíìtì fún ọ lánàá o!"

"Ẹ má fún un ní rìbá, ojú rẹ̀ ti di!"

Ibi tí ohun onílé bá bọ́ sí, ibẹ̀ ni ẹran rẹ̀ wà. Kò sẹ́ni tó ráhùn, kò sẹ́ni tó pààrọ̀. Muadh dúró ti tapólì, ojú rẹ̀ ń tàn bíi ti ẹni tó rí nǹkan tó sọnù. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ gé e. Kí ló dé tí ẹ ò kàn fi ọwọ́ ara yín pín in fún kálukú?"

Bàbá Junaid nu ọ̀bẹ rẹ̀. "Bí mo bá pín in fún yín, ojú mi lẹ ó máa wò. Bí kèké inú garawa bá pín in, ẹran yín lẹ ó máa wò. Èmi tí mo gé e pàápàá ò mọ èyí tó máa jẹ́ tèmi. Ṣé ìwọ rò pé ọwọ́ mi á jẹ́ gé ọ̀kan tóbi ju èkejì?"

Muadh fa bírò yọ, ó ń kọ nǹkan sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kíákíá.

"Muadh, ṣé iye egungun lò ń kọ ni?" ni Fìrdáúsì bi í. Ó fi ẹ̀rín bo ẹnu, ó sì padà sí ọ̀dọ̀ àwọn ará Róòmù rẹ̀.

Ọjọ́ ìdíje pé. Gbọ̀ngàn kún dé ojú fèrèsé. Adájọ́ mẹ́ta jókòó níwájú. Ìyáàgbà olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, ará Odekpe, ni olórí wọn. Nígbà tí wọ́n pe Fìrdáúsì, ó rìn gorí pèpéle bí ẹni tó wá gba oyè.

Ó sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀! Ó ní inú èdè Látìnì ni ọ̀rọ̀ òun ti wá: "magnus" ni ńlá, "animus" ni ọkàn. Ó ní ọlọ́kàn ńlá ni ẹni tó lè fi ohun tó tọ́ sí i sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, tí kò sì ní dùn ún. Ó wá ń da ọ̀rọ̀ tó ga lé ọ̀rọ̀ tó ga lórí, débi pé àwọn ọmọ ìlà iwájú ń tẹ orí ba. Nígbà tó parí, àtẹ́wọ́ dún, ó sì tẹríba lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan ju iye tó yẹ lọ.

"O ṣeun, ọmọ mi," ni adájọ́ àgbà wí. "Fún wa ní àpẹẹrẹ kan. Ìgbà wo ni ìwọ fúnra rẹ rí ẹni tó ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀?"

Fìrdáúsì la ẹnu. Kò sí èyí nínú ohun tó há sórí. "Àwọn… àwọn ará Róòmù, mà."

"O mọ̀ wọ́n rí?"

Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀. Ó lọ jókòó, etí rẹ̀ gbóná, ṣùgbọ́n ó ń tu ara rẹ̀ nínú: ta ló tún kù? Muadh.

Muadh gorí pèpéle pẹ̀lú garawa. Ó nu òógùn ojú rẹ̀. Ó da ẹ̀pà sí òkìtì méje lórí tábìlì, ó sì na garawa sí àwọn tó wà níwájú. Ọmọ kan ju bírò síbẹ̀, ẹnì kan ju bẹ́líìtì, Ọ̀gbẹ́ni Okwudili fúnra rẹ̀ ju aago ọwọ́ rẹ̀. Muadh fa ọmọ kékeré kan sókè láti kíláàsì àkọ́kọ́, ó di ojú rẹ̀, ó sì ní, "Ó yá!"

Nígbà tí aago ọ̀gá máa fi bọ́ sórí òkìtì ẹ̀pà tó kéré jù lọ, gbogbo gbọ̀ngàn ti dìde dúró. "Ọ̀gá! Ẹ gba ìpín yín!" Àwọn kan gun àga. Muadh rẹ́rìn-ín, ibi tí ìbẹ̀rù rẹ̀ sì gbà lọ, a kò mọ̀.

"Ẹ wo àwọn nǹkan inú garawa yìí," ni ó wí ní Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́, tí kò ga. "Àwọn gan-an ni 'lot.' Láyé àtijọ́, àwọn òyìnbó a máa ju igi pélébé sínú ìkòkò bí wọ́n bá fẹ́ pín nǹkan. Igi yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ohun tí igi fún ọ náà di 'lot.' Ilẹ̀ tó kàn ọ́ di 'lot.' Ohun tí ayé fi kàn ọ́, dídùn tàbí kíkorò, di 'lot.' Ọjà tí wọ́n kó jọ tà lẹ́ẹ̀kan ní gbàǹjo di 'lot.' Láti ibi òkìtì ọjà, ó di ohun tó pọ̀. Lónìí, bí ẹ bá ní nǹkan pọ̀, igi pélébé yẹn lẹ ṣì ń jù sínú ìkòkò, ẹ kàn ti gbàgbé ni."

Ó mí. "Nílé wa, ìpín ni ẹran tó kan ènìyàn. Ìpín náà ni ohun tó mú wáyé. Àwọn òyìnbó àtijọ́ ò mọ àwọn baba wa, àwọn baba wa ò mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ro èrò kan náà."

Gbọ̀ngàn hó yèè. Fìrdáúsì jókòó bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. Garawa! Òun ló ń gbé garawa yẹn kiri láti ọdún márùn-ún. Gbogbo ìdáhùn wà lọ́wọ́ òun, ó wá ń fi ọwọ́ kejì di ìwé mú.

"Ta ló ràn ọ́ lọ́wọ́?" ni adájọ́ àgbà bi Muadh, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Junaid ní agboolé wa, mà. Àti Fìrdáúsì. 'Magnanimity' ni mo fà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n máa lé ẹni tó bá kùnà kúrò nínú ẹgbẹ́, àánú mi ṣe é, ó gbé tirẹ̀ tó rọrùn fún mi, ó gba tèmi tó le."

Adájọ́ àgbà ṣí awò ojú rẹ̀. "Ẹ ò rí nǹkan! Àpẹẹrẹ tí a bi í, òun fúnra rẹ̀ ni! Kò sì fẹnu ara rẹ̀ yin ara rẹ̀!" Ó bá àwọn méjì tó kù sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Muadh ló borí. Ṣùgbọ́n àwa adájọ́ ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ilé ẹ̀kọ́ jẹ́ kí ọmọbìnrin yìí tẹ̀ lé e lọ sí Awka gẹ́gẹ́ bí igbákejì."

Àtẹ́wọ́ tó dún fún Fìrdáúsì nísinsìnyí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn kan ń fa apá rẹ̀ kó dìde. Awka ti dé! Ohun tó wá, ó ti rí i. Kó sáà rẹ́rìn-ín, kó tẹríba, ó parí.

"Ẹ dúró ná," ni ohùn Ọ̀gbẹ́ni Okwudili dún. "Lílé? Ta ló ní a máa lé ẹnikẹ́ni?"

Muadh yíjú sí Fìrdáúsì. Kò fura rárá. Ó kàn ń dúró kó ṣàlàyé ni.

Fìrdáúsì lè ní ẹnì kan ló sọ ọ́ fún òun. Ó lè ní Muadh ṣì í gbọ́ ni. Ahọ́n rẹ̀ ti ń ṣà wọ́n jọ. Ṣùgbọ́n ojú Muadh yẹn, tó gbà á gbọ́ níwájú gbogbo ayé, kò jẹ́ kí ọ̀kankan jáde. Ó dìde.

"Èmi ni, sà. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Irọ́ ni mo pa. Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi kéré jù fún mi, mo sì fẹ́ ti Muadh."

Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tó sọ gbólóhùn tí gbogbo ènìyàn gbọ́ yé láìwo ìwé atúmọ̀ èdè.

Àtẹ́wọ́ kankan kò dún. Ọ̀gbẹ́ni Okwudili ní Fìrdáúsì kò ní lọ sí Awka mọ́, kò sì ní kópa nínú ìdíje sáà tó ń bọ̀. Ìyẹn dùn ún. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn ún jù ni ohun tí Muadh sọ lẹ́nu ọ̀nà, ní ohùn jẹ́jẹ́.

"Mo bi ọ́ pé wallahi, Fìrdáúsì. Mo bi ọ́."

Fún ọjọ́ mẹ́rin, Muadh ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá kó má bàa pàdé rẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, Fìrdáúsì lọ bá a níbi tó ti ń fọ ìkòkò ìyá rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀.

"Muadh, jọ̀ọ́. Mi ò ní àwáwí."

Muadh ń fọ ìkòkò lọ. Ó dojú ìkòkò náà dé, ó ní, "Dìde jàre, ilẹ̀ tutù. Mi ò tí ì gbàgbé o. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé mi tí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n, ọjọ́ mẹ́ta ló sì kù."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àárọ̀ ọjọ́ tí Muadh máa lọ, Fìrdáúsì sin ín dé Upper Iweka. Àwọn agbèrò ń kígbe "Awka! Awka! Ó ku ẹnì kan!" Ọkọ̀ sì ti ń súnmọ́ iwájú nígbà tí Muadh yọ orí lójú fèrèsé.

"Fìrdáúsì! 'Inheritance'! Ẹ̀ẹ̀kan sí i!"

Fìrdáúsì sáré tẹ̀ lé ọkọ̀, ó ń pè é sókè, Muadh ń gbà á lẹ́nu rẹ̀, agbèrò náà sì bá wọn pè é, títí ariwo Upper Iweka fi gbé ọkọ̀ mì.

Ipò kejì ni Muadh gbà ní gbogbo ìpínlẹ̀. Kò sí ẹni tó pariwo tó Fìrdáúsì lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹni tó bi í pé kí ló kàn án.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ohun tó bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò tinútòde kí ẹ tó pè é ní kékeré. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ojú tí a fi wò ó ni kò tó. Ẹ má sì fi irọ́ gba ìpín ẹlòmíràn. Ẹni tó purọ́ kó lè níyì, lọ́jọ́ tí irọ́ bá já, ẹ̀tẹ́ ni yóò kó. Bí irọ́ bá sì ti jáde lẹ́nu, òtítọ́ nìkan ló lè lé e bá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí yóò gbà lọ́wọ́ ẹni tó sọ ọ́ kì í kéré.